Ọ̀gágun Kì Í Ṣe Ẹran Ọbẹ̀

Dùnsìn jí ní òwúrọ̀ Sátidé. Òjò ti rọ̀ mọ́jú ní Isuada.

Omi ṣì ń kán láti orí páànù. Tó, tó, tó.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Dùnsìn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Múyìwá.

Múyìwá ní ajá. Dùnsìn kò ní nǹkan kan.

Sájẹ́ǹtì ni orúkọ ajá náà.

“Sájẹ́ǹtì!” Múyìwá pè é.

Gbìrì gbìrì gbìrì! Sájẹ́ǹtì sáré dé. Ó ń ju ìrù fìrìfìrì. Ó fò mọ́ Múyìwá, ó sì lá a létí.

“Sájẹ́ǹtì!” Dùnsìn náà pè é.

Sájẹ́ǹtì wò ó. Ó yán. Ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Múyìwá.

Ta, ta, ta! Inú Dùnsìn ń ta á bí ata.

Àwọn tó ń lọ sóko kọjá níwájú ilé. “Sájẹ́ǹtì, ṣé o jí?” ni wọ́n ń wí.

Kò sẹ́ni tó bi Dùnsìn bóyá ó jí.

Ta, ta, ta!

“Màmá Àgbà, mo fẹ́ ní tèmi,” ni Dùnsìn wí. “Tèmi nìkan. Tí kò ní máa sá lọ bá Bọ̀dá Múyìwá.”

Màmá Àgbà ti wọ bàtà oko. Ó ti gbé apẹ̀rẹ̀ dání.

“Bàbá Jonah ń bọ̀ wá kí wa lọ́sàn-án,” ni ó wí. “Wá, jẹ́ ká lọ ṣa ìgbín tá a máa fi se ọbẹ̀.”

Wọ́n wọ inú oko kòkó tó wà lẹ́yìn ilé. Ewé gbígbẹ ti rin gbindin. Ẹsẹ̀ wọn ń dún ṣàwà, ṣàwà, ṣàwà.

Ìgbín kan rèé. Kó! Ó bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀.

Ìgbín mìíràn rèé. Kó!

Nídìí igi kòkó ńlá kan, Dùnsìn rí ọ̀kan tó tóbi tó ìkúùkù Màmá Àgbà.

Ó gbé e. Àwọn ìgbín yòókù máa ń sá wọ inú ìkarahun. Èyí kò sá.

Ìwo kan yọ. Ìwo kejì yọ.

Ìgbín náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ lórí ọwọ́ Dùnsìn. Fà-à-à. Fà-à-à. Ó tutù. Ó ń yọ̀. Dùnsìn bú sẹ́rìn-ín.

“Tèmi nìyí!” ni ó wí. “Ọ̀gágun ni orúkọ rẹ̀.”

“Kí ló dé tó fi jẹ́ Ọ̀gágun?” Màmá Àgbà bi í.

“Nítorí pé ọ̀gágun ju sájẹ́ǹtì lọ.”

Wọ́n padà délé. Dùnsìn gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo ayé lè rí i.

“Bọ̀dá Múyìwá, ẹ wò ó! Ọ̀gágun nìyí. Tèmi ni.”

Múyìwá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

“Ìgbín? Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́ èèyàn. Ẹran ọbẹ̀ ni!”

Màmá Àgbà ti gbé omi kaná. Omi náà ń hó yaya.

“Dùnsìn, kó ìgbín wá. Gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ náà wá.”

Dùnsìn fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn. “Ọ̀gágun kì í ṣe ẹran ọbẹ̀.”

“Ìgbín ni. A máa ń jẹ ìgbín.”

“Sájẹ́ǹtì ńkọ́?”

“Ajá ni. A kì í jẹ ajá nílé yìí.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Màmá Àgbà?”

Màmá Àgbà na garawa sí i.

“Lọ bá mi bu omi wá,” ni ó wí.

Ta, ta, ta! Inú Dùnsìn ń ta á ju ti àárọ̀ lọ. Àbí kí ló dé? Ajá ní orúkọ, wọ́n gbà. Ìgbín ní orúkọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Bùrù-ù-ù! Ọ̀kadà kan dúró níwájú ilé.

Bàbá Jonah ló dé. Ìlú Arimogija ló ti wá. Ọ̀rẹ́ bàbá àgbà wọn tó ti kú ni.

Dùnsìn kúnlẹ̀ kí i. Múyìwá dọ̀bálẹ̀. Sájẹ́ǹtì náà sáré wá, ó ń gbóòórùn bàtà Bàbá Jonah.

Bàbá Jonah wo Sájẹ́ǹtì láti orí dé ìrù.

“Ẹ wo ajá tó sanra!” ni ó wí. “Ní ìlú tiwa, ẹran ọbẹ̀ lèyí o!”

Múyìwá di ajá rẹ̀ mú. Ó dì í mú dáadáa.

Inú Dùnsìn ta á fòó. Ẹnu rẹ̀ sì yára jù ú lọ.

“Ẹ máa mú un lọ, Bàbá! Ẹran ni! Ẹ lọ fi se ọbẹ̀!”

Màmá Àgbà sáré yọ sẹ́nu ọ̀nà.

Múyìwá kò pariwo. Ó kàn ń sunkún. Omijé rẹ̀ ń kán sórí irun Sájẹ́ǹtì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ajá náà mọ́ àyà.

Dùnsìn wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òun náà ti gbá Ọ̀gágun mọ́ àyà, bákan náà gẹ́lẹ́.

Inú rẹ̀ kò ta á mọ́. Ó wá wúwo bí òkúta.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un lọ,” ni Dùnsìn wí. Ohùn rẹ̀ kéré. “Mò ń jowú ni. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn Sájẹ́ǹtì. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn Ọ̀gágun.”

“Ọ̀gágun wo?” Bàbá Jonah bi í.

Dùnsìn la ọwọ́. Ìwo kan yọ. Ìwo kejì yọ.

Bàbá Jonah kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìgbín náà dáadáa.

“Mò ń ṣeré ni, ẹ̀yin ọmọ mi,” ni ó wí. “N kò ní mú ajá yín lọ. Èmi náà ní ewúrẹ́ kan nílé. Ẹnu ọ̀nà mi ló ń sùn. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fi ọ̀bẹ kàn án. Ìyàwó mi gan-an ń jowú rẹ̀!”

“Àwọn ewúrẹ́ yín yòókù ńkọ́, Bàbá?” Dùnsìn bi í.

Bàbá Jonah họ orí. “À ń jẹ wọ́n.”

“Kí ló dé tí ẹ ò jẹ èyí?”

“Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni ìyá rẹ̀ kú. Èmi ni mo fún un ní wàrà mu. Láti ọjọ́ náà, n kò lè wò ó bí ẹran mọ́.”

“Ṣé àwọn yòókù kò ṣeni láàánú ni?”

Bàbá Jonah gbé ọwọ́ lé e léjìká. “Wọ́n ṣeni láàánú, ọmọ mi. Ìbéèrè rẹ le. N kò mọ ìdáhùn rẹ̀.”

Múyìwá nu ojú. “Màmá Àgbà,” ni ó wí, “ẹ jẹ́ kí Dùnsìn mú Ọ̀gágun. Ẹ jọ̀ọ́.”

Màmá Àgbà wo Múyìwá. Ó wo Dùnsìn. Ó wo ìwo méjèèjì tó yọ síta.

“Ó dáa,” ni ó wí. “Ọ̀gágun kì í ṣe ẹran ọbẹ̀.”

Yé-è-è! Dùnsìn fò sókè. Ó sáré lọ sídìí apẹ̀rẹ̀.

“Èyí ń jẹ́ Kọ́púrà! Èyí ń jẹ́ Túnrayọ̀! Èyí ń jẹ́...”

“Ó tó!” Màmá Àgbà kígbe. “Kí la fẹ́ fi gba àlejò?”

Bàbá Jonah rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi já bọ́.

Dùnsìn lóṣòó, ó ń wo apẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó fi àwọn yòókù sílẹ̀ fún Màmá Àgbà.

Nígbà tí oúnjẹ jinná, wọ́n jẹ iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí.

“Ẹ má fi ìgbín sí tèmi, Màmá Àgbà,” ni Dùnsìn wí.

“Ṣé títí láé ni?”

“N kò tíì mọ̀. Ti òní ni mo mọ̀.”

Màmá Àgbà bu ẹ̀gúsí fún un, òun àti ẹ̀fọ́. Bàbá Jonah jẹ ìgbín mẹ́rin, ó ní ó dùn. Dùnsìn kò bínú sí i.

Múyìwá wo ìgbín tó wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó jẹ ìdajì.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Múyìwá gbé ike ńlá kan wá. Dùnsìn da erùpẹ̀ sí i, ó fi ewé ìbẹ́pẹ lé e. Wọ́n gbé Ọ̀gágun síbẹ̀.

Sájẹ́ǹtì wá. Fìn-ìn, fìn-ìn, ó ń gbóòórùn ike náà.

Ìwo Ọ̀gágun kan imú rẹ̀.

Hàṣì-ì-ìn! Sájẹ́ǹtì sín. Ó fò sẹ́yìn. Ó sá lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì!

“Ajá mi ń bẹ̀rù ìgbín!” Múyìwá kígbe. Àwọn méjèèjì ń yí gbirigbiri nílẹ̀ fún ẹ̀rín.

“Dùnsìn, ṣé mo lè gbé e?” Múyìwá bi í.

Dùnsìn ronú. Tèmi nìkan, ó ti sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀.

Ó gbé Ọ̀gágun. Ó gbé e lé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ rọra o, Bọ̀dá Múyìwá.”

Fà-à-à. Ọ̀gágun ń lọ. Fà-à-à.

Sájẹ́ǹtì yọ orí lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó rọra wá, ó gbé àgbọ̀n lé orúnkún Dùnsìn.

Ó pẹ́ gan-an kí Ọ̀gágun tó dé ìgúnpá Múyìwá.

Kò sẹ́ni tó kánjú.