Imú Ọba Aràrá

Ọkùnrin gíga kan tẹ orí ba kó tó wọlé, síbẹ̀ àtẹ́rígbà gbá a níwájú orí, gbì! Gbogbo àwọn tó wà nínú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe eyín àtọwọ́dá gbójú sókè. Ó fi ọwọ́ kan ra iwájú orí, ó fi ìkejì di páálí ìṣáná kan mú bí ẹni di ẹyin mú, ó wá béèrè pé ta ló mọ ìda gbẹ́ jù níbẹ̀.

Wọ́n nawọ́ sí ọmọbìnrin tó jókòó nídìí fèrèsé. Eléyín ni wọ́n ń pè é, nítorí òun ló ń fi ìda gbẹ́ eyín àti erìgì kí wọ́n tó dà wọ́n. Ó ṣí páálí náà. Ẹ wo nǹkan! Aràrá kan ló dùbúlẹ̀ sórí òwú, òjé ni wọ́n fi dà á, kò ga ju ìka lọ, ó gbé àáké léjìká, irùngbọ̀n rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún.

Ọkùnrin náà ní onígbàjámọ̀ lòun, àmọ́ láti kékeré lòun ti ń kó àwọn aràrá inú àlọ́ jọ, àwọn tó ń wa góòlù lábẹ́ òkè. Òun a yàwòrán wọn, òun a gbé iṣẹ́ fún ẹni tó bá mọ nǹkan gbẹ́, òun a wá fọwọ́ ara òun da òjé. Ọba wọn ló kù. Ó fẹ́ kí ojú ọba náà le, kó dà bí ẹni tí kò gba ẹ̀bẹ̀ rí.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ga tó báyìí, kí lẹ fẹ́ fi aràrá ṣe?" Eléyín bi í.

"Ẹni tí àtẹ́rígbà ń gbá lórí ló mọ iyì kúkúrú."

Ẹ̀rín pa Eléyín dé ibi pé ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ náà ló sọ ọ́ ní Agùntáṣọọ́lò, ó sì gba iṣẹ́ náà. Ìfẹ́ ti wọlé nìyẹn, kò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

Nígbà tó lọ kí i ní ṣọ́ọ̀bù, Agùntáṣọọ́lò mú un wọ yàrá ẹ̀yìn. Aràrá ló kún pẹpẹ látòkè délẹ̀: alágbẹ̀dẹ, jagunjagun, àní èyí tí ọkùnrin náà fi ọṣẹ gbẹ́ nígbà ọmọdé. Ó fi àtíkè kun mọ́ọ̀dù rọ́bà, ìyẹn èyí tí àpẹẹrẹ aràrá wà nínú rẹ̀, ó pa á dé, ó da òjé gbígbóná sí i. Nígbà tó ṣí i, aràrá tuntun ń dán yanran níbẹ̀. Eléyín tẹjú mọ́ ọn. Eyín tó ń ṣe, ẹnu ẹlẹ́nu ni wọ́n ń lọ, kì í rí wọn mọ́. Èyí dúró, ó ń wò ó. "Ẹ tún un dà," ló ń wí ṣáá, "ẹ tún un dà."

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun àti ọmọ yìí nìkan ló kù nílé. Nígbà tó gbọ́ pé onígbàjámọ̀ fẹ́ fẹ́ ọmọ òun, tó sì gbọ́ ohun tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó ní àgbàlagbà tó ń ṣeré ọmọlangidi, kò ṣeé gbọ́ sétí, òun ò gbà.

Inú bí Eléyín. Ó jókòó ti ìda rẹ̀, ó ń fi ìbínú gbẹ́ ọba aràrá. Nígbà tó parí tó wò ó, ẹnu yà á. Iwájú orí tó hunjọ, ètè tó yọ síta, bàbá rẹ̀ gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ gbẹ́, timútimú. Imú ọ̀hún kì í ṣe kékeré o. Imú tó máa ń ṣáájú olówó rẹ̀ wọlé ni. Ojú tì í, kò sọ fún Agùntáṣọọ́lò.

Agùntáṣọọ́lò ṣe mọ́ọ̀dù, ó da òjé. Adé jáde, irùngbọ̀n jáde, àáké jáde. Imú kò jáde. Ó dà á títí, ọba kò nímú. Ó fi ọ̀kan sápò àyà láti fi han Eléyín, lọ́jọ́ tí Eléyín ní kó wá fẹnu ara rẹ̀ bẹ bàbá òun.

Bó ṣe tẹ̀ ba láti kí bàbá, ọba aràrá bọ́ látinú àpò, ó yí gbirigbiri dé ẹsẹ̀ àgbà. Agùntáṣọọ́lò wo ọba, ó wo bàbá, ó wo Eléyín. Ó yé e. Eléyín ń bẹ ilẹ̀ pé kó lanu gbé òun mì.

Bàbá wọ gíláàsì rẹ̀. Ó yí nǹkan náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Èmi nìyí," ó ní. Ó fọwọ́ kan imú ara rẹ̀. "Imú mi dà?"

"Ẹ má bínú, sà. Afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀, òjé ò ráyè wọlé."

"Ó dáa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó títí imú mi á fi dé."

Wọn ò mọ̀ bóyá àwàdà ni. Àwọn méjèèjì forí korí. Eléyín mú abẹ tó fi ń ṣiṣẹ́ eyín, ó gbẹ́ ojú ọ̀nà tín-ínrín sínú mọ́ọ̀dù, láti ṣóńṣó imú ọba lọ síta, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè jáde. Imú yọ díẹ̀. Bàbá ní imú ẹlòmíràn nìyẹn. Ojoojúmọ́ ló ń wá báyìí, á gun àga onígbàjámọ̀ jókòó, á ní òun wá wo ibi tí imú òun dé. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè kí wọ́n tó kí ni: imú ńkọ́?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n fẹ ojú ọ̀nà náà sí i, wọ́n dà á, wọ́n dúró. Bàbá nàgà. Agùntáṣọọ́lò ṣí mọ́ọ̀dù. Imú! Odindi imú, pẹ̀lú okùn òjé tó so mọ́ ṣóńṣó rẹ̀ bí ikun ọmọdé. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí Eléyín ò gbọ́ mọ́ látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ó ní kí onígbàjámọ̀ gé ikun náà, kó má sì ṣe òun léṣe.

Ó gé e, bàbá gba ọba. Àwáwí ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní sùúrù ni baba ìwà, ẹni tó lè ṣe sùúrù tó báyìí lórí imú òun, á ṣe sùúrù fún ọmọ òun.

"Ọmọlangidi kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù," ó ní. "Ilé tó máa dá páropáro ni. Ẹ fẹ́ ara yín. Àmọ́ ọba kì í dá jókòó. Ọmọ mi, ṣé o ṣì rántí ojú ìyá rẹ?"

Omi lé ròrò sójú Eléyín. "Mo rántí, Bàbá. Títí dórí èjí ẹnu rẹ̀."

Eyín àwọn ẹlòmíràn ló ti ń gbẹ́ látọjọ́ yìí. Ó wá gbẹ́ ayaba aràrá tó ń rẹ́rìn-ín bí ìyá rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ la èjí sí eyín rẹ̀ láàárín. Bàbá kìlọ̀ fún onígbàjámọ̀ pé èyí ò gbọdọ̀ nírùngbọ̀n. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dà á, èjí náà jáde kedere. Agùntáṣọọ́lò di ọwọ́ Eléyín mú. "Eléyín mi," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni màá máa dà títí ayé mi."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n béèrè pé ta ló fa ọmọbìnrin yìí lé ọkọ lọ́wọ́. Bàbá dìde. Ó tọwọ́ bọ àpò àyà, ó yọ aràrá obìnrin náà jáde, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó kọjú rẹ̀ sí tọkọtaya kó lè rí wọn dáadáa.

"Àwa méjèèjì ni," ó ní.