Ìbọn Ọ̀jẹ̀túndé Níbi Ìkómọ

Ẹni tó bá rò pé àbùmọ́ ni, kí ó lọ sí Ilora kí ó béèrè. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ojúmọmọ ló ṣẹlẹ̀, oòrùn ti yọ, kò sì sẹ́ni tó tíì mu ohun tó ju omi tútù lọ níbẹ̀, torí onítẹ̀bọmi ló pọ̀ jù nínú wọn.

Múyìwá, tó ń wa ọkọ̀ èrò láti Fìdítì lọ sí Ọ̀yọ́, ló ń kó ọmọ jáde. Àkọ́bí ni. Òun àti Àwẹ̀ní ìyàwó rẹ̀ ti retí ọmọ títí tí àwọn ará ìjọ fi dẹ́kun bíbéèrè. Inú rẹ̀ dùn débi pé bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò bára mu, kò sì mọ̀.

Ìbọn nìkan ló kù. Ọdẹ ni Ọ̀jẹ̀túndé, bàbá Múyìwá, tó ti sùn nínú Olúwa. Nínú agbo ilé wọn, wọn kì í pe orúkọ ọmọ síta kí ìbọn bàbá àgbà rẹ̀ tó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Bí bàbá àgbà bá ti kú, wọn á yin ìbọn náà síbẹ̀síbẹ̀, kí ó lè gbọ́ níbi tó wà. Bí ìbọn kò bá dún, ọmọ á padà sínú yàrá láìlórúkọ, ó di ọjọ́ mìíràn. Pásítọ̀ kò bá wọn jà sí i, ọmọ agbo ilé ni òun náà.

Ìbọn yìí kì í ṣe ṣakabùlà. Wọ́n ń fa irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn ni, wọn á tún tì í síwájú, kí ó lè gbé ọta láti inú àpótí ìsàlẹ̀ wọnú ihò. Múyìwá dojú rẹ̀ kọ òkìtì yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn ilé. Ó fa irin. Ó tì í. Irin gba orí ọta kọjá, kò gbé e. Ó tún un ṣe. Ọta fi imú gúnlẹ̀, ó há.

Orin àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

"Kí ló dé?" Hannah, ìyá Múyìwá, béèrè láti orí àga rẹ̀.

"Kò gbé ọta, Màámi."

Àwẹ̀ní di ọmọ mú. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. Àti padà sínú yàrá lónìí, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn!

Bàbá Amos, tó máa ń bá Ọ̀jẹ̀túndé lọ sígbó, sún mọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n kó ọta kúrò nínú ìbọn pátá, kí wọ́n kó o sínú abọ́ kan lórí itan Hannah. Ó ti ìka bọ àpótí náà, ó tẹ irin pẹlẹbẹ tó ń ti ọta sókè. Irin lọ sísàlẹ̀, kò padà wá. Bàbá gbóòórùn ìka rẹ̀.

"Kí lo fi kùn ún?"

"Àdín ni, sà. Òun ni Bàámi máa ń lò."

"Ìgbà òjò ni bàbá ẹ ń lo àdín! Nínú ọyẹ́ yìí kẹ̀? Ó ti dì mọ́ sípíríìnì. Ìwọ dírẹ́bà!"

Ẹ̀rín sọ. Múyìwá náà rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n fi kẹrosíìnì fọ gbogbo rẹ̀, wọ́n nù ún, wọ́n sá a sóòrùn. Nígbà tí wọ́n tò ó padà, irin pẹlẹbẹ náà ń lọ, ó ń bọ̀, wẹ́rẹ́. Múyìwá gbé ìbọn lé orí ẹní, ó lọ fọ ọwọ́.

Nígbà náà ni gbogbo nǹkan dákẹ́. Adìẹ dákẹ́. Ọyẹ́ tó ń fẹ́ dúró.

Kọ́.

Inú ìbọn ni ó ti dún. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan mí kanlẹ̀.

Kọ́.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?" Bàbá Amos béèrè, ohùn rẹ̀ kéré.

Kò sẹ́ni tó wà nítòsí ẹní. Ọmọ tó ti ń sùn láti àárọ̀ la ojú.

Kọ́.

"Ẹ má sá," Hannah wí. Ẹ̀rín ló wà lẹ́nu rẹ̀. "Bí Bàbá Múyìwá ṣe máa ń ki ọta nìyẹn. Á ki ọ̀kan, á mí. Mo ti gbọ́ ọ títí láyé mi."

"Gbé e, Múyìwá," ni Bàbá Amos wí.

Múyìwá gbé e. Ìdí ìbọn náà lọ́wọ́ọ́wọ́, bí ibi tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò. Ó dojú rẹ̀ kọ òkìtì, ó fa irin, ó tì í. Ọta wọlé láìhá. Gbòà! Ó tún fà á. Gbòà! Àwọn obìnrin hó yèè, wọ́n ń jó kí ẹ̀kẹta tó dún. Nígbà tó dún, ayọ̀ gba gbogbo àgbàlá.

Bàbá Amos bojú wo abọ́ orí itan Hannah. Gbogbo ọta wà níbẹ̀, ọ̀kan kò dín.

"Ẹ pe ọmọ," ó wí.

Àwẹ̀ní gbé e sókè. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ìrètíolúwa!"

Pásítọ̀ súre, gbogbo ilé ṣe àmín. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti ṣe é tán, àmín kan tún dún, ohùn ọkùnrin, jẹ́jẹ́, láti ẹ̀yìn òkìtì níbi tí ẹ̀gẹ́ nìkan wà.

Hannah dìde. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ Àwẹ̀ní, ó dá rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì náà, ó ṣí aṣọ kúrò lójú ọmọ.

"Ẹ wò ó dáadáa, Bàbá Múyìwá," ó wí. "Imú yín ló gbé wá."