Ara Yéjídé Fúyẹ́, Àmọ́ Ìtọ́jú Kò Tíì Parí

"Yéjídé, ṣé gbogbo oúnjẹ tí wàá jẹ náà nìyí?"

Ìyá rẹ̀ ló bi í bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ Sátidé kan, nílé wọn ládùúgbò Adígbẹ. Mọ́ínmọ́ín kékeré kan ló wà nínú àwo rẹ̀, kò sì jẹ ẹ́ tán.

"Ó ti tó mi, Màámi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé wọ́n ti dín ikùn mi kù."

Tíṣà ni Yéjídé. Tẹ́lẹ̀, ó sanra débi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń dúró mí kó tó gun àtẹ̀gùn dé kíláàsì. Lẹ́yìn tí dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ tó sọ àpò ikùn rẹ̀ di kékeré, kò ju ọdún kan lọ tí ìwọ̀n ara rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ rọlẹ̀. Inú rẹ̀ dùn.

Àmọ́ àwọn aládùúgbò ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Àìsàn wo ló ń jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀?" Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá rẹ̀ wọra. Nígbà tó tún rí i tó ń gbé fítámì tí dókítà kọ fún un mì lójoojúmọ́, ó ní:

"Ṣé ẹni tára rẹ̀ yá ń loògùn ni? Wọ́n á ní òótọ́ làwọn ń sọ."

Ni Yéjídé bá dáwọ́ fítámì dúró. Kò padà lọ fún àyẹ̀wò mọ́.

Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Irun rẹ̀ ń re. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe é bíi pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀. Nígbà mìíràn, kì í mọ̀ pé òun tẹ ilẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, ó ṣubú níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ sáré lọ ra àgbo lọ́jà Kútọ̀. "Mu ún. Ẹ̀jẹ̀ ló gbẹ lára rẹ."

Máyọ̀wá, àbúrò Yéjídé, rọra gba ife náà. "Ẹ jọ̀ọ́, Màámi. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe ọsibítù tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un."

Nọ́ọ̀sì Ummulkulthum ló gbé fóònù. "Ó ń bì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń kú? Ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ gbé e wá báyìí!"

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n sì fa omi sí i lára. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì jókòó ti ìyá rẹ̀.

"Mà, ikùn tó kéré kì í gba oúnjẹ púpọ̀, nítorí náà ohun tára nílò kì í pé. Fítámì ló ń dí àlàfo yẹn. Títí ayé ni ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ abẹ yìí á máa lò ó."

Ìyá sunkún. "Èmi ni mo jẹ́ kó pa á tì."

"Ẹ ò mọ̀ ni, mà. Ẹ ti wá mọ̀ báyìí."

Yéjídé sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Nọ́ọ̀sì, awọ ara mi tó so rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ yìí ńkọ́? Mi ò lè wo dígí mọ́."

"Ọ̀rá tó wà níbẹ̀ ló ti lọ, Tíṣà. Kì í ṣe àbùkù. Bó bá ń bà yín nínú jẹ́, ẹ má dá a rò. Ẹ sọ fún wa."

Díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti kúnlẹ̀ kẹ́yìn, torí ara tó wúwo. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Dìde, ọmọ mi," ló sọ. "Ṣé o ti lo fítámì?"

Ẹ̀yin tí wọ́n ti dín ikùn yín kù, iṣẹ́ abẹ nìkan kọ́ ni ìtọ́jú. Ẹ máa kọ́kọ́ jẹ ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ kúnná. Ẹ má fi omi sin oúnjẹ lọ́fun. Ẹ lo fítámì tí dókítà kọ fún yín, kẹ́ ẹ sì máa lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí èébì ò bá dá tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú, ọsibítù ni kẹ́ ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má fi ipá bọ́ wọn, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ aládùúgbò ṣe dókítà fún wọn.