Ẹnu Ọ̀nà Kò Gba Àga Ìyá

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìyá dìde ká tún un yà. Orí wọn bo orúkọ ọṣẹ."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Ẹlẹ́rìn-ín bá ọkùnrin tó gba ọkàn rẹ̀ sọ nìyẹn. Ìfẹ́ kì í kúkú yan ibi tó máa gbà wọlé.

Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ló ń bá ṣiṣẹ́, ìkáwọ́ rẹ̀ sì ni ètò ìtọrẹ àánú wọn wà. Ọdọọdún ni wọ́n ń pe àwọn olówó jọ sí gbọ̀ngàn ńlá kan, tí wọ́n á dáwó ra àga onítáyà fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ á sanwó gbọ̀ngàn, á sì gbé orúkọ rẹ̀ kọ́ sára ògiri gbàgàdà, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé aláàánú ni wọ́n. Ẹlẹ́rìn-ín á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayàwòrán, á máa ké pé, "Ẹ rẹ́rìn-ín o!" Gbogbo èèyàn á sì rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kì í sí nínú fọ́tò kankan. Bí ètò bá parí, á padà sí yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé, á jẹun lórí ìdúró, á sùn. Ó dá wà, ìdáwà náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé kò kà á sí ìyà mọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, káfíńtà kan ló gbé ìyá rẹ̀ wá gba àga. Ó gbé ìyá lé àga, wọ́n ya fọ́tò, orí ìyá bo orúkọ. Ó gbé e kúrò, wọ́n sún àga, ó tún gbé e lé e, ẹnì kan bá kọjá níwájú kámẹ́rà. Nígbà tí wọ́n ní kó tún gbé e, káfíńtà yarí.

"Ẹ gbọ́, arábìnrin. Ìyá mi kì í ṣe pákó tí wọ́n ń wọ̀n tí wọ́n tún ń wọ̀n."

Ojú ti Ẹlẹ́rìn-ín. Àfi bí ìyá ṣe sọ pé, "Jẹ́ kí wọ́n tún un yà jàre. Látìgbà tí bàbá rẹ ti kú, ta ló tún gbé mi báyìí rí?" Ó wá yíjú sí Ẹlẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí tó ń ní ká rẹ́rìn-ín, ta ló ń pa ìwọ alára lẹ́rìn-ín?"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ayàwòrán tẹ kámẹ́rà lásìkò yẹn gan-an. Ẹlẹ́rìn-ín ṣì la ẹnu sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n rán an lọ sílé wọn, kó lọ wo bí ìyá ṣe ń gbádùn àga. Ìta ló ti bá àga, wọ́n fi ọ̀rá bò ó. Káfíńtà wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ayùn, ó ń tú férémù ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàbọ̀ o," ó ní. "Àga yín sanra ju ẹnu ọ̀nà wa lọ. Ẹ wọn orúkọ ọṣẹ yín kó bá ògiri mu, kò sẹ́ni tó rántí wọn ilẹ̀kùn ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fún lága."

Bó ṣe sọ ọ́ pa Ẹlẹ́rìn-ín lẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kó sì tó mọ̀, ó ti ń sunkún. Káfíńtà wò ó. Ó kàn ní, "Ẹ bá mi di pákó yìí mú."

Ó dì í mú títí férémù tuntun fi dúró. Wọ́n ti ìyá wọlé, ìyá ń juwọ́ bí olorì.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni Ẹlẹ́rìn-ín ń lọ síbẹ̀. Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ìtura mi." Ìyá ń pè é ní "ìyàwó mi." Nígbà tí ìyá tó bí Ẹlẹ́rìn-ín gbọ́ lórí fóònù, ó ní, "Káfíńtà kẹ̀? Ó kúkú níṣẹ́ lọ́wọ́. Mú un wá ká rí i o, ọmọ mi, ọjọ́ ń lọ."

Ẹ̀gbọ́n káfíńtà obìnrin nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn sí i. "Wọ́n ní a kì í ṣoore tán ká lóṣòó tì í," ló máa ń wí. "Àwọn tìrẹ wọ̀nyí lóṣòó, wọ́n tún gbé kámẹ́rà dání."

"Ẹ̀gbọ́n mi, òun kọ́ ló ni ọṣẹ."

"Mo gbọ́. Ojú ẹ lo máa fi rí i."

Lọ́jọ́ tí káfíńtà kọ́kọ́ wá sí yàrá Ẹlẹ́rìn-ín, kò tíì jókòó tó fi yọ téèpù, ó ń wọn ẹnu ọ̀nà.

"Kí lò ń ṣe?"

"Bá a bá ṣègbéyàwó, ṣé Màámi ò ní wá kí wa ni? Àga wọn ò lè gba ibí." Ó yọ pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí, ó fa ìlà sára ògiri lọ́tùn-ún, ó fa òmíràn lósì. "Ibi tí mo máa gé nìyí."

Bó ṣe sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ nìyẹn.

"Gé e dáadáa o," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. Bó ṣe gbà náà nìyẹn.

Kò tíì gé e tí àìsàn fi mú ìyá lọ.

Nígbà tí ètò ọdún kejì ń sún mọ́lé, ọ̀gá pe Ẹlẹ́rìn-ín wá wo fọ́tò kan lórí kọ̀ǹpútà. Ìyá ni, ó ń rẹ́rìn-ín lórí àga. Wọ́n ti gé káfíńtà kúrò níbẹ̀, wọ́n sì ti fi ọṣẹ sí ìyá lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ìyá yìí ti kú."

"Mo gbọ́, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n wo ẹ̀rín yìí. Òun ló máa kó àwọn olówó wá. Bí wọn ò bá wá, ṣé ìwọ lo máa lọ sọ fún àwọn tó ń retí àga pé kò sí?"

"Mo bẹ̀ yín, sà."

"Ó dáa, màá rò ó wò."

Ẹlẹ́rìn-ín gbà á gbọ́. Ní Sátidé, òun àti káfíńtà jọ jẹun. Káfíńtà dápàárá kan, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò tíì rín látìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Ẹlẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó rò pé òun á parí rẹ̀ ní ọ́fíìsì kó tó di ohun tó ń jáde síta, kí ọkàn olólùfẹ́ òun lè sinmi.

Lọ́jọ́ Ajé, pátákó ìpolówó gàgàrà dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ìyá wà lórí rẹ̀, ó ga ju ilé lọ, ó di ọṣẹ mú.

Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín sáré débẹ̀, káfíńtà jókòó sórí àpótí, ó kẹ̀yìn sí títì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró tì í.

"Ṣé o mọ̀ sí i?" ni káfíńtà bi í.

"Mo bẹ ọ̀gá wa pé..."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Ní Sátidé, nígbà tá a jọ ń jẹun, ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sọ pé òun ti wí tẹ́lẹ̀. Ó kàn fi ìborùn bojú, ó ń sunkún. Ó dun Ẹlẹ́rìn-ín ju èébú lọ.

Ó padà sí ọ́fíìsì, ó ní kí wọ́n sọ pátákó náà kalẹ̀. Ọ̀gá ní ó di ẹ̀yìn ètò. Ẹlẹ́rìn-ín yọ káàdì iṣẹ́ kúrò lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì. Wọ́n sìn ín jáde pẹ̀lú páálí ọṣẹ kan, pé ó ṣeun.

Wọ́n ṣe ètò láìsí i. Ó lárinrin. Àga tí wọ́n rí rà pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fi ìdí wọ́ nílẹ̀ ló jókòó lórí àga lọ́jọ́ náà. Mi ò ní purọ́ fún yín, oore ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tó sọ ìyá kalẹ̀.

Ayàwòrán, tí àánú Ẹlẹ́rìn-ín ṣe, wá a kàn, ó fún un ní fọ́tò náà lódindi, bó ṣe wà kí wọ́n tó gé e. Káfíńtà wà níbẹ̀, ó tẹ̀ba, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìyá rẹ̀. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó la ẹnu bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò lè dáhùn. Ìyá kò tilẹ̀ wo kámẹ́rà. Ẹlẹ́rìn-ín ni ìyá ń wò.

Ó mú un lọ sílé káfíńtà. Ẹnu ọ̀nà gbàgàdà yẹn ni wọ́n dúró sí. Káfíńtà wo fọ́tò náà pẹ́.

"Ìwọ ni Màámi rín ẹ̀rín yẹn sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mi ò bínú mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n tó o bá ti dákẹ́ báyìí, ohun tó máa wá sí mi lọ́kàn ni pé kí lo tún mọ̀. Mi ò lè fi ìyẹn gbé ilé, ìtura mi."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ láti fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Ó kàn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ẹlẹ́rìn-ín wá ọ̀rọ̀, kò rí, ó sì dákẹ́. Àwọn méjèèjì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà. Káfíńtà sìn ín dé títì, bí wọ́n ṣe ń sin àlejò.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ẹlẹ́rìn-ín kò ríbi lọ. Ó tú páálí ọṣẹ, ó pọn omi, ó ní òun á fọ yàrá òun. Ó fọ ilẹ̀, ó fọ fèrèsé, ó fọ ògiri láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn títí dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni àkísà ti dúró lọ́wọ́ rẹ̀, ìhó ọṣẹ ń kán sílẹ̀.

Ó fọ òkè àwọn ìlà pẹ́ńsùlù náà, ó fọ ìsàlẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà, ó gbé àkísà sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wò wọ́n, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, níbi tí káfíńtà ní òun máa gé.