Àwọn Méjì Tó Wá Ra Mandolíìnì Kan

Lọ́jọ́ tí Lawrence kọ́kọ́ rí Dùnníolúwa, inú omi ni ọmọbìnrin náà wà dé orúnkún. Ọkọ̀ kò lè sún mọ́ ilẹ̀ ní Araromi lọ́jọ́ náà, gbogbo èrò ló bọ́ sómi. Ó fi ọwọ́ kan ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè, ó fi èkejì gbé bàtà lé orí. Ìgbì kan dé, ó rẹ ẹ́ dé àyà. Dípò kí ó bínú, ẹ̀rín ló bú sí. Lawrence tó dúró létí òkun kò mọ ìgbà tí òun náà rẹ́rìn-ín.

Ó na ọwọ́ sí i, ó fà á gòkè, ó bèèrè ibi tó ń lọ.

"Ilé Mama Rhoda," ni Dùnníolúwa wí. "Wọ́n ní wọ́n fẹ́ ta mandolíìnì kan níbẹ̀."

Ẹ̀rín Lawrence parẹ́. Ohun tó gbé òun náà kúrò ní Mahintedo láàárọ̀ nìyẹn.

Nínú ìjọ tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ alàgbà ni Dùnníolúwa ti ń lu mandolíìnì, gìtá kékeré olókùn mẹ́jọ yẹn. Èyí tó ń lò ní ihò nínú. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ti la ikùn rẹ̀, bí ó bá sì ti sún mọ́ sípíkà, a máa hu bí ajá. Lawrence ń lu tirẹ̀ níbi ìgbéyàwó káàkiri odò, èyí náà ti là. Ti Mama Rhoda yàtọ̀: igi kan ṣoṣo tó ki ni wọ́n fi gbẹ́ ara rẹ̀, kò ní ihò rárá, iná ló sì ń gbé ohùn rẹ̀ jáde.

Òkun ti gba ìdajì àdúgbò Mama Rhoda, ìyá náà sì ń palẹ̀ mọ́ láti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Igbókọ̀dá. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló ni mandolíìnì náà. Mama Rhoda ní òun kò ní tà á fún ẹni tó máa gbé e kọ́ ara ògiri lásán, nítorí náà kí àwọn méjèèjì lù ú kí òun gbọ́.

Lawrence ló kọ́kọ́ lù ú. Ọwọ́ rẹ̀ yá, èjìká Mama Rhoda ń mì. Nígbà tó kan Dùnníolúwa, orin ìsìn kan ló fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ lù, ó di ojú. Nígbà tó parí, Lawrence yíjú sí ìyá náà.

"Mama, ẹ fún un," ni ó wí. "Ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ."

Dùnníolúwa yíjú sí i. "Kí ni ìwọ á wá máa lù?"

"Màá máa wá gbọ́ tìrẹ."

Mama Rhoda ta mandolíìnì náà fún Dùnníolúwa. Lawrence sì ń wá lóòótọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ láti Mahintedo wá sílé Dùnníolúwa, á ní òun fẹ́ yẹ wáyà mandolíìnì wò. Dùnníolúwa mọ̀ pé kò sóhun tó ṣe wáyà. Á gbé púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wọn, síwájú rẹ̀, á ní kí oníwáyà jẹun kó yó.

Bàbá rẹ̀, Alàgbà Mátíù, rí gbogbo rẹ̀. Ó sọ fún Lawrence lójúkojú pé òun kò ní fi ọmọ òun fún ẹni tó ń lu orin níbi tí wọ́n ti ń mutí. Lawrence dọ̀bálẹ̀, ó lọ, kò wá mọ́.

Dùnníolúwa kò bá bàbá rẹ̀ jà. Ó ń kí i láàárọ̀, ó ń se oúnjẹ, ó ń lu mandolíìnì nínú ìjọ. Àmọ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́, ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ló ń mú ilé gbóná. Nígbà tí Alàgbà Mátíù kò lè fara dà á mọ́, ó wọ ọkọ̀, ó di Mahintedo.

Ó bá Lawrence lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń tún àwọ̀n ìyá rẹ̀ tó ya ṣe. Lawrence fẹ́ dìde, bàbá náà ní kó jókòó. Ó fa eteetí kejì àwọ̀n náà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ó pẹ́ kó tó bèèrè bóyá Lawrence máa ń mutí.

"Orin ló ń gbé mi débẹ̀, Bàbá. Mi ò kì í mutí."

Alàgbà Mátíù so àwọ̀n náà ní kókó kan sí i. "Ilé mi ti dákẹ́ jù," ni ó wí. "Bá mi kálọ."

Dùnníolúwa ń sá edé lórí afárá pákó nígbà tí ó rí àwọn méjèèjì nínú ọkọ̀ kan. Lawrence bèèrè níbẹ̀ bóyá ó máa fẹ́ òun.

"Ẹnì kan bínú sí ọ lẹ́ẹ̀kan, o sá lọ," ni Dùnníolúwa wí.

"Mi ò ní sá mọ́, olólùfẹ́ mi."

"Ó dáa. Gbé agbọ̀n edé yìí bá mi wọlé."

Kí ọdún tó parí, wọ́n so wọ́n pọ̀ níwájú ìjọ. Ìyàwó kò gbà kí ẹlòmíì lu mandolíìnì. Ó jókòó nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń lù ú, ọkọ rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ sì di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń jó.