Balkissou Kò Fi Salwa Sílẹ̀

Balkissou rèé. Ọmọ ọdún méje ni. Dowa ni ilé wọn wà, ní Porto-Novo.

Salwa ni àbúrò rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta péré ni.

Ogun dé. Gbàù! Bọ́ǹbù balẹ̀ sí òpópónà kejì. Gbàù! Òmíràn balẹ̀ sí ojúlé tó kángun sí tiwọn. Ilẹ̀ mì tìtì.

"Ẹ óò lọ sí Avrankou," ni Màmá wí. "Bọ́ǹbù kò tíì dé ọ̀hún."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá?"

"Nọ́ọ̀sì ni mí. Àwọn tó fara pa pọ̀. Ta ni n ó fi wọ́n sílẹ̀ fún?"

Balkissou di ọwọ́ Salwa mú.

Ọkọ̀ akẹ́rù kó àwọn ọmọ àdúgbò. Olùkọ́ Adéwálé bá wọn lọ. "Màmá! Màmá!" ni Salwa ń ké. Ọkọ̀ kò dúró.

Ní Avrankou, àwọn ọmọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn ará abúlé ń mú wọn lọ sílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti tọ́jú wọn.

Ọkùnrin kan tọ́ka sí Salwa. "Èyí kéré. Kò ní jẹun púpọ̀. Ó yá, wá."

"Àwa méjì ni, Bàbá," ni Balkissou wí.

"Ẹnì kan ni mo lè bọ́."

"Àwa méjì ni."

Ọkùnrin náà mi orí, ó lọ.

Obìnrin kan dé. "Ìwọ ẹ̀gbọ́n, ara rẹ le. Wá bá mi roko."

"Àwa méjì ni, Ìyá."

Òun náà lọ.

Ó ku ọmọ mẹ́wàá. Ó ku mẹ́rin. Ó wá ku àwọn méjì péré. Olùkọ́ Adéwálé lọ wá ilé tí yóò gba àwọn méjèèjì.

Òjò dé. Tó, tó, tó. Salwa ń gbọ̀n rìrì. Balkissou fi ara bò ó.

"Àbí ohun tí mo ṣe kò dáa ni?" ló ń rò.

Ìyá arúgbó kan ru igi ìdáná kọjá. Ìyá Nadège ni wọ́n ń pè é. Kò wá mú ọmọ kankan. Ó wò wọ́n, ó dúró.

"Ẹní kan ṣoṣo ni mo ní o."

"Ó tó wa, Ìyá."

Wàà! Ìyá Nadège da igi sílẹ̀. Ó gbé Salwa pọ̀n.

Ọjọ́ kan lọ. Ọjọ́ méjì lọ. Gbàù, gbàù, lókèèrè. Balkissou kò sunkún, kí Salwa má baà sunkún.

Ní ọjọ́ kẹta, Olùkọ́ Adéwálé sáré dé. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Balkissou! Wá gbọ́ o!"

"Balkissou, Màmá ni. Mo wà láàyè. Ṣé ẹ̀yin méjèèjì jọ wà?"

"Àwa méjì ni, Màmá," ni Balkissou wí. Omijé ló ń dà pòròpòrò.

"Sunkún, ọmọ mi," ni Màmá wí. "Mo ń gbọ́."