Ìtànṣán Tó Gba Àtẹ́lẹwọ́ Kọjá

"Wọ́n ti dé! Àdíját, wọ́n ti dé!"

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnbọ̀sún, olùkọ́ físíìsì, tẹjú mọ́ ohun funfun tó ń lọ nínú ìgò ńlá orí tábìlì, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Láti ọdún 1986, ọdún mẹ́fà gbáko, ló ti ń wá bí yóò ṣe fi ìtànṣán tó ń rọ̀ láti òfurufú han àwọn ọmọ ilé ìwé wọn ní Ìgándò. Ojú lásán kò rí i, ṣùgbọ́n bí oru sípírítì bá kún inú ìgò, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tutù nini, ìtànṣán náà á fa ìlà funfun síbẹ̀ bó bá ti ń kọjá.

Àdíját, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kò lè rẹ́rìn-ín. Èéfín kọ́ìlì ẹ̀fọn ni ọ̀gá ń wò. Àdíját ti ṣọ́ ìgò náà látàárọ̀ láìrí nǹkan kan, ni Cecilia ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ní, "Fẹ́ èéfín sí i jàre! Àwọn tó máa fún wa lẹ́bùn ìdíje sáyẹ́ǹsì máa tó dé. Ta ló máa mọ̀?" Àdíját náà sì gbọ́ sí i lẹ́nu.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, èéfín ni. Èmi ni mo fẹ́ ẹ sí i."

Olùkọ́ náà tún ìgò náà wò. Ìtìjú fẹ́ẹ̀ pa Àdíját. Ì bá sàn kó nà án.

"O ò ṣe sọ pé kò ṣiṣẹ́?" Ó tọ́ka sí àpò tútù tó bo ìgò náà dé orí, àfi ibi kékeré tí wọ́n ń yọjú wò. "Èyí ńkọ́?"

"Bí màámi ṣe ń bo yìnyín tí wọ́n ń tà ní Ìkòtún nìyẹn, sà, kó má baà yọ́."

"Háà! Ìsàlẹ̀ nìkan ló ń fẹ́ òtútù. Òkè gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́!"

Wọ́n ká àpò kúrò, wọ́n tú èéfín dànù, wọ́n ta sípírítì tuntun sí i. Yìnyín gbígbẹ, èyí tó tutù ju yìnyín lásán lọ, tí wọ́n tọrọ nílé-iṣẹ́ kan ní Ìkejà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lábẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí ìgò kó lè móoru, wọ́n sì ń dúró.

Ìlà tín-ín-rín kan là kọjá. Òmíràn tún tẹ̀ lé e, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Àdíját sún mọ́ ọn.

"Sà, ṣé ọwọ́ wa ni wọ́n gbà wọlé?"

"Òrùlé, ọwọ́ wa, gbogbo ara wa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ẹ ni wọ́n ti ń gba inú ẹ kọjá."

Ẹ̀rù Ọlọ́run ba Àdíját, inú rẹ̀ sì dùn dé góńgó.

Nígbà tí àwọn àlejò tó fẹ́ fúnni lẹ́bùn fi máa wọlé, yìnyín ti tán, kò sì sí ìlà kankan nínú ìgò mọ́. "Kí lẹ rí?" ni wọ́n bi Àdíját.

"A rí i, sà, ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí i mọ́. Irọ́ tí mo pa ló gba àkókò lọ, tí yìnyín fi tán. Ẹ má bínú."

Ilé ìwé mìíràn ló gba ẹ̀bùn. Àdíját sunkún, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ká ní òun tètè jẹ́wọ́ pé nǹkan kò ṣiṣẹ́ ni, gbogbo wọn ni ì bá jọ rí ohun ìyanu náà.